Ìwọ̀n Tó Kù Lẹ́nu Bàbá

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta, 1988. Ọjọ́ Ìsinmi

Èmi àti Bàbá jà lónìí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lẹ́yìn ìsìn ni mo gbé purúùfù ìwé mi, ẹ̀dà tí a fi ń ṣe àtúnṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, lọ bá wọn ní Sùúrùlérè. Ewì mọ́kànlélógójì. Mo rò pé wọn yóò yọ̀ mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni wọ́n kọ́kọ́ kà, níbi tí mo ti kọ ọ́ pé ìwọ̀n ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí òyìnbó fi de ẹsẹ̀ ewì wa, àti pé ewì àpilẹ̀kọ òde òní gbọ́dọ̀ já a dànù. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú. Wọ́n ṣí ewì kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka sílébù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn akọrin wọn.

"Méje. Mọ́kànlá. Mẹ́rin. Mẹ́tàlá. Motúnráyọ̀, ta ló ń lé eléyìí tó fi ń fẹsẹ̀ kọ báyìí?"

Mo ní, "Bàbá, ewì òde òní kì í ka sílébù. Orin ṣọ́ọ̀ṣì yín ló ń kà á, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yé ẹni tó ń kọ ọ́."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jẹ́ olórí akọrin. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Wọ́n pa ìwé náà dé pẹ̀lẹ́, wọ́n tì í sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ohun tí kò bá ní ìwọ̀n kì í mí."

Mo kó ìwé mi, mo kọrí sí ilé mi ní Yábàá láì wẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹjọ

Mo wà ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, à ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, ni mo rí Jeffrey àbúrò mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sódì. Mo ti mọ̀ kó tó lanu.

"Àǹtí, Bàbá ṣubú."

Apá ọ̀tún ò gbéra. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbéra. Ẹnu ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, ó ní rọpárọsẹ̀ ni. Mo dúró lẹ́bàá ibùsùn, mo ní, "Bàbá, èmi ni, Motúnráyọ̀." Wọ́n wò mí dáadáa. Ojú wọn mọ̀ mí. Wọ́n la ẹnu, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù nìyẹn.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo bi wọ́n pé ṣé orí ń fọ́ wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní ṣé kò fọ́ wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni." Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, mo bi wọ́n pé ṣé ìjà tí mo bá wọn jà ló fà á.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

A ti gbé wọn délé. Mo ti padà sí yàrá mi àtijọ́ ní Sùúrùlérè. Ibẹ̀ ni mo ti ń lọ síṣẹ́. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lónìí, ó ṣí páánù méjì lẹ́yìnkùlé. Ìbẹ́pẹ ti wọ́n bí ojú. Inú ń bí Bàbá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a ò sì mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. A gbé omi, wọ́n tì í. A gbé ìrọ̀rí, wọ́n tì í. Ìgbà tó pẹ́ ni Jeffrey rí i pé fèrèsé ni, oòrùn ń wọ̀ wọ́n lójú. Odindi wákàtí méjì!

Ọjọ́ ogún. Ọjọ́ Ìsinmi

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí.

Àwọn akọrin wá kí wọn lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n tò sínú pálọ̀, wọ́n gbé orin ìkórè kan tí Bàbá fẹ́ràn. Ní ìlà kejì ni mo gbọ́ ohùn kan tó wà nísàlẹ̀ àwọn ohùn yòókù. Mo wo ẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan. Mo wo Bàbá. Àwọn ni! Wọ́n ń kọrin, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pé, wọn ò fo ẹyọ kan. Ìyá kan nínú àwọn olóhùn kejì figbe ta, orin dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n Bàbá ń bá a lọ ní tiwọn títí wọ́n fi kọ ẹsẹ náà tán.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. "Bàbá! Ẹ sọ orúkọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. Omi lé ròrò sí wọn lójú.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ bá Gertrude ní ọsibítù. A jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni, nọ́ọ̀sì ni. Mo rò pé yóò ní ojú ló ń ṣe mí. Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu.

"Mo ti rí i rí," ló wí. "Ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ ló bàjẹ́. Ibi tí orin ń gbé ò bàjẹ́. Kó ohun tí wọ́n nílò sínú orin. Bí ó bá gbà, ó gbà."

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Kò gbà. Mo fi "ẹ bá mi bu omi wá" sínú ohùn orin ìkórè yẹn. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, orin ń gòkè. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, orin ń wólẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń kọ orin àjèjì ni, kò sí ìtumọ̀ nínú rẹ̀ fún wọn. Mo gbìyànjú orin méjì mìíràn. Nínú ọ̀kan, ohùn orin sọ ogún di ogun. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá ife omi lọ sára ògiri.

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ ìjà. Pé orin wọn kì í yé ẹni tó ń kọ ọ́. Mo jàre, mi ò sì rí ayọ̀ kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ewì mi ni mo gbé jáde lónìí. Mo ní bí orin òyìnbó bá kọ̀, ewì Yorùbá yóò gbà. Mo mú èyí tí gbogbo ènìyàn ń yìn, mo ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ń dúró kí wọ́n gbà á lẹ́nu mi. Wọn ò rí ọ̀rọ̀ méjì so pọ̀. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí omi ń gbé lọ tí a na òkùn tó ti já sí.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti kà á sókè láì wò ó. Mi ò lè kà á. Ewì tí èmi fúnra mi kọ! Ìlà mẹ́ta péré, ó dà nù lórí mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n sọ ọ́! Wọ́n sọ ọ́!

Mo ti kúrò nídìí orin, mo ti kúrò nídìí ìwé. Mo kàn ń fi ìka lu apá àga, mo ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn fúnra rẹ̀: ẹ fún mi lómi. Àárín, òkè, àárín, òkè, àárín. Bí ẹni tí ń gun àkàsọ̀ kékeré tó tún ń sọ̀. Mo sọ ọ́, mo lu àga. Mo sọ ọ́, mo lu àga. Ní ìgbà kọkàndínlógún ni ètè wọn mì.

"Ẹ fún mi lómi."

Mo sáré lọ bù ú. Ìdajì ló dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyókù dà sílẹ̀ lọ́nà. Wọ́n mu ún, wọ́n tún ní, "Ẹ fún mi lómi." Mo tún bù ú. Ife mẹ́rin ni wọ́n mu. Òùngbẹ kọ́ mọ́ nígbà yẹn.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Ọjọ́ Ẹtì Rere

Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà. Ní àárín àdúrà ni Bàbá fi ọwọ́ òsì lu itan, wọ́n ké tantan: "Mo fẹ́ tọ̀!" Fíkà ṣe àmín. Jeffrey rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde síta.

Ìlà mẹ́rìnlá ló ti wà. Mo ń kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì. Èyí tó bá wọlé, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iye sílébù ló ń mú un wọlé. Àwọn kan gùn, wọ́n wọlé. Àwọn kan ò ju mẹ́ta lọ, wọ́n kọ̀. Ó dà bíi pé ibi tí èémí ti ń já ni, àti bí ohùn ṣe ń padà síbi tó ti kúrò. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn. Mi ò mọ̀ pé ohun tí ènìyàn lè fi ara tì kó má ṣubú ni.

Ọjọ́ kẹta

Àjíǹde. Wọn ò lè lọ. A ń gbọ́ agogo láti inú ilé.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ sí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Múṣin. Ọ̀gbẹ́ni Mobọ́lájí, tó ń ṣe àtúnṣe ìwé mi, rò pé purúùfù ni mo gbé wá. Mo ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kí wọ́n sì yọ ewì mọ́kàndínlógún.

Wọ́n sọ gègé sílẹ̀. "Mọ́kàndínlógún? Arábìnrin, kí ló ṣẹlẹ̀? Àbí ẹ fẹ́ padà sí ká máa ka sílébù bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Rárá o. Sílébù kọ́."

"Kí wá ni?"

"Mo ń wá ibi tí ènìyàn ti lè mí nínú wọn, mi ò rí i. Ojú ni mo fi kọ wọ́n. Mo ń wo bí ìlà ṣe gùn tó lórí ìwé, mi ò gbọ́ wọn rí."

"Ohun tí a fi ń yìn yín gan-an nìyẹn," ni wọ́n wí. "Pé ẹ já ìdè."

"Mo já a lóòótọ́, sà. Mi ò kàn fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀ ni."

Wọ́n fún mi di òpin oṣù tí ń bọ̀. Inú wọn ò dùn.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Owó epo ti lọ sókè, ọkọ̀ ò sí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti iléèwé, mo gba ẹ̀gbẹ́ Tẹ́júoṣó, mo gba Ojúẹlẹ́gba, mo dé ilé pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Jeffrey àti ọkùnrin kan ló jókòó ti Bàbá. Lọ́yà Túbọ̀sún ni wọ́n pè é. Fáìlì wà lórí tábìlì.

"Àǹtí, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ilé yìí ni. A fẹ́ tà á."

"Ta ni 'a'?"

"Bàbá ló ní kí n wá ẹni tí yóò rà á. Lóṣù kejì, kí wọ́n tó ṣubú. Wọ́n fẹ́ padà sí Ìpẹ̀rù."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní bí Bàbá bá fẹ́ ta ilé tí Màmá kú sí, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún. Ó ní òun ò purọ́. Lọ́yà yíjú sí Bàbá, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí á ta ilé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Jeffrey na ọwọ́ sí mi pé mo gbọ́. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí á tà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Lọ́yà pa fáìlì dé. Ó ní òun ò lè fi èyí ṣe ìwé. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí Bàbá bá lè fi ẹnu ara wọn sọ gbólóhùn kan tó yanjú, ó parí.

Nígbà tó lọ, mo pe àbúrò mi ní olè. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó lọ pa fèrèsé Bàbá dé.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti ṣe ìlà náà: Ilé mi ni, n ò tà á. Ó dán, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n Bàbá á sọ "ilé mi ni", wọ́n á dúró. Mo lu àga, wọ́n dúró. Ó rẹ̀ wọ́n ni.

Ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n sọ ọ́ tán lónìí, lẹ́ẹ̀kan péré. Omijé ń bọ́ lójú wọn. Inú mi dùn, mo dì mọ́ wọn.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Aago méjì ọ̀sán ni Lọ́yà Túbọ̀sún dé. Jeffrey jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ìka mi wà lórí apá àga.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Ilé yìí ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu àga bí mo ṣe kọ́ wọn. Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n gbé e lé ọwọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo dáwọ́ dúró. Wọ́n kó àtẹ́lẹwọ́ wọn padà sórí orúnkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó falẹ̀ ju tèmi lọ. Ìwọ̀n tí mi ò kọ́ wọn ni, mi ò sì gbọ́ ọ rí. Wọ́n wá lanu:

"Ẹ tà á, ẹ tà á.
Ilé ń dún, ilé ń dún.
Ohùn ìyá yín ń bẹ níbẹ̀,
n ò rí i, n ò rí i.
Ẹ gbé mi lọ."

Lọ́yà bọ́ fìlà. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Wọ́n tún un sọ, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀.

Orí mi kú. Ọdún mẹ́ta ni Màmá ti lọ. Ohun tó ń mú mi di ilé yìí mú ni pé mo ṣì ń gbọ́ wọn nínú rẹ̀, ní ìdáná, ní ẹnu ọ̀nà yàrá. Ohun tó ń lé Bàbá jáde nìyẹn, ohun kan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń ti "n ò tà á" bọ̀ wọ́n lẹ́nu, mo sì pe omijé wọn ní àṣeyọrí.

Nígbà tí ilé dá, mo ka sílébù rẹ̀. Mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, mẹ́rin. Olórí akọrin fúnra rẹ̀ ìbá ti dá a padà. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí láti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mi ò lè wo ojú Jeffrey.

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ọjọ́ Ìsinmi

Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń kan páánù tí òjò ṣí. Mo ní, "Jeffrey, mo pè ọ́ ní olè."

"Ẹ pè mí."

"Dárí jì mí."

Ó kan ìṣó kan tán kó tó dáhùn. "Àǹtí, ó dùn mí. Mi ò ní pa irọ́ fún yín pé kò dùn mí."

Mo ní kí ló dé tí Bàbá ò sọ fún mi. Ó sọ òòlù kalẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ máa sunkún. Wọ́n ní kí n dúró kí ìwé yín jáde ná, kí ọkàn yín má bàa pínyà. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ àwọn fẹ́ ṣe ìwé?"

Mi ò mọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan rárá. Mo di páánù náà mú fún un títí ó fi kàn án tán. Kò tíì dárí jì mí tán, ṣùgbọ́n ó ní kí n na ìṣó sí òun.

Ọjọ́ kẹrìnlá

A gbé Bàbá dé Ìpẹ̀rù. Àǹtí Àmúdàtù, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ti gbálẹ̀ yàrá sílẹ̀ dè wọ́n. Àǹtí ń gbààwẹ̀, ó ku bí ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n túnu pátápátá, síbẹ̀ àwọn náà ló gbá ẹsẹ̀ Bàbá mú nígbà tí a gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìlà àti ìlù fún Àǹtí, mo gbé àkọsílẹ̀ jáde. Wọ́n ní kí n gbé e pa mọ́.

"Àlàní! O dé?"

Bí Àǹtí ṣe fa "Àlàní", oríkì Bàbá yẹn, tí wọ́n fi ohùn gbé e sọ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, Bàbá dáhùn kí n tó gbé ìka: "Mo dé, mo dé o."

Lójú ọ̀nà àbọ̀, mo sunkún títí a fi dé Ṣàgámù. Jeffrey fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Òjò láti Èkó dé Ìpẹ̀rù. Ewì méjìlélógún ni mo kó dání. Ọ̀gbẹ́ni Mobọ́lájí ti gbà. Bàbá wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti sanra díẹ̀. Mo ka mẹ́ta fún wọn. Wọn ò ka sílébù. Nínú ìkejì wọ́n mi orí ní ìlà kẹrin. Òótọ́ ni, ó gbọ́dọ̀ kúrò.

Mo jókòó sórí àpótí níwájú wọn, bàtà mi kún fún ẹrẹ̀. Mo ń wá ìlà tí mo lè fún wọn láti fi kí mi. Kí n tó rí i, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní:

"Ṣé o ti jẹun?"

Wọn ò lu orúnkún. Wọn ò fi orin sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, bí bàbá ṣe ń bi ọmọ. Etí mi gbọ́ ọ, ara mi ò gbà á gbọ́. Mo la ẹnu, kò sí ohun tó jáde, èmi tí ahọ́n mi yè. Àǹtí Àmúdàtù ké láti ìdáná pé, "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá rẹ ń bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀!"

"Rárá, Bàbá," ni mo wí. "Mi ò tíì jẹun."